Ìdajì Atẹ Ìrẹsì

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a wà pa pọ̀ gbẹ̀yìn, ìrẹsì ni ìyàwó mi ń ṣà. Ó jókòó sórí àpótí kékeré lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti máa ń wọlé dáadáa, ó gbé atẹ lé itan, ó ń fi ìka ti ìrẹsì díẹ̀díẹ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún sí ọwọ́ òsì. Òkúta tó bá rí, á sọ ọ́ sí àgbàlá láìwo ibi tó bọ́ sí. Ìrẹsì ìbílẹ̀ ni, irú èyí tí òkúta inú rẹ̀ kì í tán. Nígbà tó ṣà á dé ìdajì, ó fi ìka fa ìlà sí àárín, bó ṣe máa ń ṣe bí nǹkan mìíràn bá fẹ́ dí i lọ́wọ́, kí èyí tó ti ṣà má baà dà pọ̀ mọ́ èyí tó kù. Ó gbé atẹ náà sórí fíríìjì, ó fi bébà bò ó.

Ó ní, “Bàbá Dúpẹ́, ẹ má fọwọ́ kàn án o. Ẹ jẹ́ kí n fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀, mo ń bọ̀ wá parí ẹ̀.”

Mo ní mo ti gbọ́. Ìwé ìròyìn ni mo ń kà, mi ò gbójú sókè.

Kò wá parí ẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, a ti wà nílé ìwòsàn, ilẹ̀ ọjọ́ kejì sì mọ́ bá èmi nìkan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ìgbà méjèèjì, mi ò ní kọ ọ́ síbí. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa rí kọ́ nínú ẹ̀.

Oṣù kẹrin rèé. Atẹ náà ṣì wà lórí fíríìjì. Ọmọ wa kan ṣoṣo, Dúpẹ́, tó ń gbé ní Ìkòròdù pẹ̀lú ọkọ àti àwọn ọmọ rẹ̀, ti ṣí bébà náà wò nígbà tó wá kí mi kẹ́yìn. Ó di ọjọ́ kejì kó tó pè mí lórí fóònù.

“Dádì, kí lẹ jẹ lónìí?”

“Mo ti jẹun.”

“Mo ní kí lẹ jẹ?”

“Búrẹ́dì.”

“Àná ńkọ́?”

“Dúpẹ́, búrẹ́dì náà ni.”

Mo gbọ́ tí ọmọ rẹ̀ ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá ní, “Ó ti tó báyìí. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta mo ń bọ̀ wá kó yín. Ẹ di aṣọ yín. Àwọn nǹkan tó kù, èmi ni màá palẹ̀ wọn mọ́. Ìrẹsì orí fíríìjì yẹn, mo máa dà á nù. Kòkòrò ti wọ̀ ọ́, Dádì, mo fojú ara mi rí i.”

“Má dà á nù.”

“Ta ló fẹ́ jẹ ẹ́?”

Ọmọ tó bá bi bàbá rẹ̀ ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kò ṣàfojúdi. Òótọ́ ló sọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó pè mí yẹn, òórùn kan gba ojú fèrèsé wọlé láti ọ̀dọ̀ àwọn tọkọtaya tó ń gbé nísàlẹ̀ wa. Òórùn ìrẹsì tó bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò ni. Kò tíì jóná o. Ìgbà díẹ̀ ṣáájú kó jóná ni mò ń sọ, nígbà tí èèpá pupa ń mú nísàlẹ̀, tí ata àti àlùbọ́sà àti ọ̀rá adìẹ gbogbo wọn wá di ohun kan náà. Mo dìde lórí àga. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà ìdáná kí n tó rántí pé kò sẹ́ni tó pè mí.

Ẹ̀yin tí ẹ kéré lọ́jọ́ orí tí ẹ bá ka èyí, bóyá kò ní yé yín bí òórùn ṣe lè pe ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Ilé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà ní Ṣómólú, ilé oníyàrá mẹ́jọ ni. Mẹ́rin kọjú sí mẹ́rin, ọ̀nà gbọọrọ kan wà láàárín tó ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan, ìdílé kan sì wà nínú yàrá kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ilé ni ilé ìdáná wà. Páànù ni wọ́n fi bo orí rẹ̀, èéfín sì ti sọ ògiri rẹ̀ di dúdú débi pé a máa ń fi èékánná ya àwòrán sára rẹ̀. Olúkúlùkù obìnrin ló ní ibi tó ń gbé sítóòfù rẹ̀ sí, kò sì sí ẹni tó lè jẹ nǹkan kan níkọ̀kọ̀. Bí ẹnì kan bá ń dín ata, gbogbo ilé ló máa ń bá a sín. Bí ọkọ ẹnì kan bá mú ẹran wálé, àwa ọmọ ti mọ̀ kí ìyàwó rẹ̀ tó mọ̀.

Ìyá Bọ́sẹ̀ àti ọmọ wọn ni wọ́n ń gbé nínú yàrá tó kọjú sí tiwa. Ará etíkun lọ́hùn-ún ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ni wọ́n, wọ́n sì ti kọ́kọ́ gbé ní Ìlàjẹ, ní Bàrígà, létí ọ̀sà. Apẹja ni ọkọ wọn. Ó wa ọkọ̀ ojú omi lọ lọ́jọ́ kan, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ọkọ̀ náà, wọn ò rí òun. Ìyá Bọ́sẹ̀ wo omi yẹn títí, nígbà tó pẹ́, wọ́n di ẹrù wọn, wọ́n fa ọmọ wọn lọ́wọ́, wọ́n wá sí Ṣómólú, níbi tí ojú wọn kò ti ní tó omi mọ́. Ẹja yíyan ni wọ́n ṣì ń tà. Láàárọ̀ kùtùkùtù wọ́n á lọ sí Ìlàjẹ lọ ra ẹja, wọ́n á kọ ẹ̀yìn sí omi bí wọ́n bá ń nájà, wọ́n á sì padà wálé.

Bọ́sẹ̀dé ni orúkọ ọmọ náà ní kíkún. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n bí i. Irun orí rẹ̀ máa ń rùn bí ẹja yíyan, a sì máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nílé ìwé. Èmi gan-an máa ń bá wọn fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nílé ìwé, bí a bá sì délé, èmi náà ni mo máa ń bá a jókòó sẹ́nu ọ̀nà ká jọ máa ṣe iṣẹ́ tí tíṣà fún wa. Kò fìgbà kan bi mí ìdí tí ẹnu mi fi máa ń jẹ́ méjì.

Sítóòfù kan, ìkòkò kan, ni Ìyá Bọ́sẹ̀ ní. Àwọn obìnrin yòókù á se ìrẹsì lọ́tọ̀, wọ́n á se ọbẹ̀ lọ́tọ̀, bí ọlọ́rọ̀. Ìyá Bọ́sẹ̀ á kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú kan. Bí ọjọ́ ọdún bá dé tí wọ́n bá rí adìẹ pa, inú ìkòkò kan ṣoṣo yẹn ni adìẹ, ata, àlùbọ́sà àti ìrẹsì ti máa ń pàdé. Àwọn obìnrin á máa fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀.

“Ìyá Bọ́sẹ̀, ṣé ìrẹsì lẹ̀ ń sè ni àbí àsáró?”

“Inú kan náà ló kúkú ń lọ,” ni wọ́n á fi fèsì, wọn ò ní gbójú sókè.

Ṣùgbọ́n mo ti jẹ ìrẹsì ọ̀tọ̀ àti ọbẹ̀ ọ̀tọ̀ ti gbogbo ilé yẹn, mo sì ti jẹ ti Ìyá Bọ́sẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ se adìẹ náà pẹ̀lú iyọ̀ àti àlùbọ́sà títí omi á fi gbẹ. Wọ́n á bu òróró díẹ̀ lé e, adìẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í dín nínú ọ̀rá ara rẹ̀. Wọ́n á da ata lílọ̀ sí i, wọ́n á rò ó títí kíkan rẹ̀ á fi lọ, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó bu omi, tí wọ́n á da ìrẹsì sí i. Ìka wọn ni òṣùwọ̀n. Wọ́n á ti ìka ìfábẹ̀lá bọ inú ìkòkò kí omi tó gbóná jù, omi náà gbọ́dọ̀ ga ju ìrẹsì lọ ní ìwọ̀n oríkèé ìka kan, kò gbọdọ̀ lé, kò gbọdọ̀ dín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tẹ́ ewé mọ́ínmọ́ín bo ojú ìrẹsì, wọ́n á ki etí ewé náà mọ́ ara ìkòkò yíká, wọ́n á dé e, wọ́n á gbé òkúta lé ọmọrí. Láti ìgbà yẹn lọ, èèwọ̀ ni. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí i títí yóò fi pe ni. Òórùn èèpá ìdí ìkòkò yẹn ni ìpè. Kí ìpè tó dún, oorun ni ìrẹsì náà ń sùn. Bí ó bá sì pẹ́ kí o tó dáhùn, ó ti jóná nìyẹn.

Mo ní láti sọ̀rọ̀ iwe náà. Ní ìgbà tiwa, iwe adìẹ kì í ṣe ti ọmọdé, kì í sì í ṣe ti obìnrin. Bàbá ilé ló ni ín. Bàbá mi máa ń fi í sí ìkẹyìn oúnjẹ, á wá máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń ró kùràkùrà lẹ́nu rẹ̀, àwa ọmọ á jókòó yí i ká bí ológbò tó ń wo ẹlẹ́ja. Nínú yàrá Ìyá Bọ́sẹ̀ kò sí bàbá. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ti ń bu oúnjẹ, wọ́n á mú iwe náà, wọ́n á gbé e sórí ọmọrí ìkòkò, wọ́n á fi sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ibẹ̀ ni yóò wà títí gbogbo wa yóò fi jẹun tán. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a ò ní rí i níbẹ̀ mọ́, kò sì sẹ́ni tó máa béèrè.

Lọ́jọ́ Àjíǹde kan, nígbà tí mo tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, Ìyá Bọ́sẹ̀ ti dé ìkòkò wọn, wọ́n sì lọ pọn omi. Kò sí ẹnì kankan nínú ilé ìdáná. Mo rò ó lọ́kàn mi pé bàbá ò sí níbẹ̀, nítorí náà iwe ò ní ẹni tó ni ín. Mo gbé òkúta kúrò. Mo ṣí ọmọrí. Mo gbìyànjú láti fa ewé náà sókè wẹ́rẹ́, ó ya. Ooru tú bò mí lójú. Mo fi ṣíbí ìrobẹ̀ wá inú ìkòkò náà títí mo fi rí ohun tí mò ń wá, mo jù ú sẹ́nu bó ṣe gbóná tó, ó sì bó mi láhọ́n. Mi ò lè sọ pé mo mọ adùn rẹ̀. Mo ń jẹ ẹ́, omi ń bọ́ lójú mi. Nígbà tí mo yíjú padà, Bọ́sẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ padà dé, wọ́n rí ewé tó ya. Wọ́n tọ́ ìrẹsì náà wò. Àárín rẹ̀ ṣì le, nítorí ooru tó yẹ kó sè é ti jáde. Àwọn obìnrin méjì mìíràn ti wọlé wá nígbà náà, wọ́n ń tan sítóòfù tiwọn.

“Ta ló ṣí ìkòkò mi?”

Mo ti ń wá irọ́ tí màá pa. Bọ́sẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Èmi ni, Màámi. Èmi ni mo jẹ iwe.”

“Ìwọ?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

Ìyá rẹ̀ wò ó. “Báwo ló ṣe rí lẹ́nu?”

Bọ́sẹ̀, tí kò fi ẹnu kan iwe rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ronú díẹ̀. “Ó rọ̀,” ó ní. “Ó rọ̀ bí ẹ̀dọ̀.”

Àwọn obìnrin méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan di ògiri mú. “Iwe tó rọ̀! Ẹ gbà mí o, iwe ibo nìyẹn? Ọmọ yìí ì bá tiẹ̀ bi olè léèrè kó tó wá jẹ́wọ́!”

Ìyá Bọ́sẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n wo ètè mi tí òróró ń dán lára rẹ̀. Mo rò pé igbe ni wọ́n máa ké pe ìyá mi. Wọn ò ké. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń ṣa ewé tó ya kúrò nínú ìrẹsì, wọ́n ní, “Ó dáa. Ẹni tó ni ín ò kúkú tíì dé.”

Láti ọjọ́ yẹn, wọn ò gbé iwe sórí ọmọrí mọ́. Nígbà tó tún di ọjọ́ adìẹ, mo rí wọn tí wọ́n mú un, tí wọ́n jẹ ẹ́ fúnra wọn, díẹ̀díẹ̀, wọ́n kọjú sí ògiri. Ojú mi ò kúrò lára wọn. Mo sọ lọ́kàn mi pé obìnrin yìí láhun. Ohun tí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án mọ̀ nìyẹn. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí, oṣù mẹ́rin yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ẹni tí wọ́n ń fi iwe yẹn dúró dè, àti ohun tí mo gbà lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ náà.

Mi ò ní fi ìyókù gùn. A dàgbà. Mo lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga, mo padà sí Ṣómólú, mo ríṣẹ́ ní ọ̀kan nínú àwọn ilé ìtẹ̀wé tó kún àdúgbò yẹn. Èmi ni wọ́n máa ń gbé ìwé fún kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, kí n wá àṣìṣe inú rẹ̀. Bọ́sẹ̀ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ. Nígbà tí mo sọ fún un pé mo fẹ́ fi í ṣe aya, ó ní, “Ṣé kì í ṣe nítorí ìkòkò màámi lo ṣe wá?” Mo ní nítorí ẹ̀ náà ni. A gba ilé ní Bàrígà, kò jìnnà sí ojú omi tí ìyá rẹ̀ sá fún, a sì wà níbẹ̀ títí di òní.

Ọ̀nà ìyá rẹ̀ ló ń gbà se ìrẹsì àsèpọ̀. Bí ewé ṣe ń ṣọ̀wọ́n, bébà ló ń lò dípò rẹ̀. Mo máa ń mú bébà funfun tí wọ́n gé kù wálé láti ilé ìtẹ̀wé, òun á fi sísọ́ọ̀sì ìránṣọ gé e roboto ní ìwọ̀n ẹnu ìkòkò, á so wọ́n kọ́ sára ìṣó nínú ilé ìdáná. Gbogbo ìgbà tó bá sè é ló máa ń gbé iwe sórí oúnjẹ mi, á ní, “Olè, gba tìẹ.” Ìgbà yẹn nìkan ló máa ń pè mí ní ìwọ, lẹ́yìn tí a ti bí Dúpẹ́. Bí mo bá ní ká jọ pín in, á ní ó ti le jù fún eyín òun.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ló gbà kí n bá òun ṣa ìrẹsì. Lọ́jọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni òkúta ró lẹ́nu àlejò wa. “Bàbá Dúpẹ́, ẹ padà sídìí ìwé yín,” ó ní. “Ẹni tó ń rí àmì ohùn tí wọ́n gbàgbé, tí kò lè rí òkúta!” Nínú èyí tí òun bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣà, eyín mi kò ko òkúta rí. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, kò ṣẹlẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ Ẹtì, tó ku ọ̀la kí Dúpẹ́ dé, mo gbé atẹ náà sọ̀ kalẹ̀. Kì í ṣe pé mo ti ní agbára. Mo kàn mọ̀ pé bí mi ò bá sè é lónìí, inú ike ìdọ̀tí ló ń lọ.

Ìlà tó fi ìka fà ṣì wà níbẹ̀. Mo gbé atẹ náà sínú oòrùn lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, àwọn kòkòrò bẹ̀rẹ̀ sí í rìn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fi awò ojú sí, mo jókòó sórí àpótí rẹ̀ tó kéré fún mi, mo bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó fi í sí. Bí mo ṣe máa ń ka ìwé tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ ni mo ṣe kà á, láti òsì lọ sí ọ̀tún, títí mo fi rántí pé òun a máa tì í láti ọ̀tún wá sí òsì, mo sì yí i padà. Gbogbo àárọ̀ ló gbà. Nígbà tí mo parí, mi ò lè pa ìlà náà rẹ́. Mo dìde, mo kọ́kọ́ lọ ra adìẹ.

Ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin tí ìyàwó mi máa ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ ni mo lọ. Ó ti gbé adìẹ lé orí pákó, àdá kékeré wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Bàbá, ẹ káàsán o. Odindi ni àbí ìdajì?”

“Odindi.”

“Ẹ máa gba iwe ẹ̀? Àwọn alákọ̀wé kan kì í fẹ́ ẹ o.”

“Mo fẹ́ ẹ.”

Ó wò mí dáadáa. “Ẹ̀n-ẹ́n! Àbí ẹ̀yin kọ́ ni bàbá tó máa ń tẹ̀lé mọ́mì aránṣọ, tí ẹ máa ń dúró lọ́hùn-ún tí ẹ ń ka gbogbo nǹkan tí wọ́n kọ sára ògiri? Mọ́mì dà?”

Mo ti fi ọjọ́ ayé mi wá àṣìṣe nínú ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn. “Ó wà nílé,” ni mo wí.

“Ẹ sọ fún wọn pé mò ń bá wọn jà. Ẹ ní mo ní wọ́n ti já mi sílẹ̀ lọ bá ẹlòmíì.” Ó ń gé adìẹ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó nawọ́ sínú abọ́ kan, ó mú iwe kan sí i. “Mo fi ìkejì sí i. Mọ́mì ò gba ọ̀kan láé. Wọ́n á ní, ‘Ọ̀kan ti Bàbá, ọ̀kan tèmi.’ Bí mi ò bá fún wọn, wọn ò ní lọ!”

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti rìn dé iwájú kí ọ̀rọ̀ náà tó yé mi. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo máa ń rí lórí oúnjẹ mi. Ó ń jẹ ìkejì nínú ilé ìdáná kó tó pè mí. Ó ti le jù fún eyín rẹ̀! Olè méjì la jọ wà nínú ilé yẹn, mo sì rò pé èmi nìkan ni. Ẹ̀rín pa mí lójú títì, àwọn ènìyàn yà fún mi. Lẹ́yìn náà ni mo wá bojú wẹ̀yìn láti sọ fún ìyàwó mi pé àṣírí rẹ̀ ti tú.

Nígbà tí mo délé, mo gbá ìdajì méjèèjì pọ̀ sínú abọ́ kan, mo da omi sí i kí n má baà ronú sí i. Mo se adìẹ. Mo dín in. Mo da ata sí i, mi ò mọ̀ bóyá kíkan rẹ̀ ti lọ, mo kàn dúró títí ojú rẹ̀ fi jọ èyí tí mo mọ̀. Mo bu omi, mo da ìrẹsì sí i, mo ti ìka bọ omi náà. Ìka tèmi gùn ju tirẹ̀ lọ, mo sì bu omi díẹ̀ kúrò. Bébà roboto tó gé kọ́ sára ìṣó ku mẹ́ta. Mo já ọ̀kan, mo tẹ́ ẹ bo ìrẹsì, mo dé ìkòkò, mo gbé òkúta lé e. Mo wá jókòó, mo ń retí kó pè mí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọwọ́ mi lọ síbi ọmọrí, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fà á padà.

Ilé oníyàrá mẹ́jọ yẹn kò sí mọ́ ní Ṣómólú. Ilé alájà mẹ́ta ló wà níbẹ̀ báyìí, olúkúlùkù ló ti ilẹ̀kùn ìdáná rẹ̀ mọ́rí, gáàsì ni wọ́n ń lò, kò sí ẹni tí ata ẹnìkejì ń mú sín. Mi ò sọ pé ti àtijọ́ sàn jù. Ebi wà nínú ilé yẹn, ìjà sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í kú sí yàrá kan kí yàrá tó kọjú sí i máa béèrè lẹ́yìn oṣù mẹ́rin pé Mọ́mì dà. Nínú ohun gbogbo tí mo mọ̀ nígbà náà, òórùn yẹn nìkan ni kò yí padà. Nígbà tó dé, bó ṣe dé ní ilé ìdáná dúdú yẹn náà ló ṣe dé. Mo dìde, mo dá a lóhùn. Mo pẹ́ díẹ̀. Apá kan ti jóná.

Mo bu oúnjẹ sínú abọ́ kan. Mo gbé iwe kan sórí rẹ̀. Ìkejì, mo gbé e sórí ọmọrí ìkòkò, mo fi sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mi ò pète rẹ̀. Ọwọ́ mi ló gbé e síbẹ̀.

Nígbà tí mo bu ṣíbí kẹta, eyín mi ko òkúta.

Mo tu ú sí àtẹ́lẹwọ́, mo gbé e súnmọ́ ìmọ́lẹ̀. Bí ó bá jẹ́ nínú ìdajì tèmi ló wà, kò burú, ẹ ti mọ irú ẹni tí mo jẹ́ nídìí ìrẹsì. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ nínú tirẹ̀, a jẹ́ pé ojú rẹ̀ ti ń ṣú ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, a jẹ́ pé ara rẹ̀ ti ń sọ ohun tí ẹnu rẹ̀ kò sọ, èmi sì jókòó ní ìwọ̀n ìgbésẹ̀ mẹ́rin sí i pẹ̀lú ìwé ìròyìn, mi ò gbójú sókè. Mo ti gbá méjèèjì pọ̀. Kò sí bí mo ṣe lè mọ̀ láé.

Mo gbé òkúta náà sí etí abọ́. Mo jẹ ìyókù. Mo jẹ iwe tèmi. Ọ̀la ni Dúpẹ́ ń bọ̀, màá bá a lọ, nítorí oúnjẹ kọ́ ni mo fẹ́ kọ́ láti máa sè, ọ̀kan yìí ni mo fẹ́ parí. Atẹ ti ṣófo. Kò ní rí nǹkan kan dà nù.

Mo fọ abọ́. Mo fọ ṣíbí. Nígbà tí kò sí ohun tí màá tún fọ̀ àfi ìkòkò àti ọmọrí rẹ̀, mo mú iwe tó wà lórí rẹ̀. Ó ti tutù. Mo kọjú sí ògiri, mo jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tán.

Kò rọ̀.